Ta Ni Yóò San Owó Íntánẹ́ẹ̀tì Ìgbèríko?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí lè ṣe àjèjì létí àwọn kan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé tí ọmọ ilé ìwé bá wà, ó kan oníṣòwò, ó sì kan àgbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba máa ná owó ìlú láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì tó yá dé àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé wa, àbí kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ tí ń fi í ṣòwò? Àwọn ọlọ́gbọ́n pín sí méjì lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó àti Àbújá ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a mú Ìmẹ̀sí-Lasigidi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbọnyin ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ṣe àpẹẹrẹ. (Ìmẹ̀sí yìí yàtọ̀ sí Ìmẹ̀sí-Ilé ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun o, àwọn àlejò a máa fi ọ̀kan pe èkejì.) Ìlú àgbẹ̀ ni. Bí ọmọ ibẹ̀ bá fẹ́ wọ yunifásítì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún JAMB. Bí ọjọ́ ìdánwò bá sì pé, orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti ṣe é, nítorí láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì pátápátá. Èsì WAEC, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń wò ó. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, bákan náà. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé ìdánwò WAEC àti NECO pàápàá ń bọ̀ wá di ti kọ̀ǹpútà. Ọmọ Adó-Èkìtì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí. Ọmọ ìgbèríko gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀, nígbà mìíràn ó gbọ́dọ̀ sùn sílé ẹni ẹlẹ́ni, kí ó tó jókòó síwájú ẹ̀rọ tí ó lè jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ṣe, máàkì kan náà ni a sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó ọwọ́ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Owó wà ní báńkì, kò sí lápò. Ní ìlú ńlá, àwọn ènìyàn ń fi fóònù san owó ẹ̀fọ́. Ní abúlé tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò ju ti ìpè lọ, ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò lè gba owó, oníbàárà kò lè san án, ẹ̀fọ́ sì rọ sórí àtẹ. A kò ní gbàgbé ìgbà náà bọ̀rọ̀, nítorí igbá ọrẹ pàápàá mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé ìwé àti ilé ìjọsìn pa: ẹni tó ní dátà gbọ́ ìwàásù lórí fóònù, ọmọ rẹ̀ sì bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, ẹni tí kò ní, rédíò ló kù fún un, bí bátìrì bá wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020 yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde fún íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, èyí tí yóò parí ní 2025. Ètò náà wí pé nígbà tí ọdún náà bá fi pé, a ó ti dé ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní ará ìlú ńlá yóò rí mẹ́gábíìtì 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ará ìgbèríko yóò sì rí 10, ó kéré tán. Ó ní owó gígábáìtì kan kò ní ju 390 náírà lọ. Ọdún 2025 dé, ó sì ti kọjá. Nǹkan bí ìpín 50 ni a bá a dé. Ní ti iye owó, oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC gbà fún àwọn iléeṣẹ́ kí wọ́n fi ìpín 50 kún owó wọn, nítorí dísù wọ́n, dọ́là sì wọ́n. Ẹni tó bá rí gígábáìtì kan rà ní 390 náírà, kí ó jọ̀ọ́ fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ìpín 50 yẹn kò tẹ́ pẹrẹsẹ káàkiri ilẹ̀ wa. Orí ìlú ńlá ló jókòó sí.

Owó ta ni a ń wí?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò yà lẹ́nu láti gbọ́ pé àwa fúnra wa ti ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì ìgbèríko láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 dá àpò kan sílẹ̀ tí a ń pè ní USPF. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi tí oníṣòwò kò fẹ́ dé. Ibo ni owó rẹ̀ ti ń wá? Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ń san ìpín méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn fún NCC lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí a bá ti yọ àwọn ìnáwó kan kúrò, apá kan nínú èyí ni a sì ń dà sínú àpò náà. Bí ẹ bá ra káàdì 1,000 náírà, ẹ fi sọ́kàn pé nǹkan bí 25 náírà, tàbí kí ó dín díẹ̀, ni ó bá ọ̀nà yẹn lọ sọ́dọ̀ NCC. Ìyá tí ń ta gààrí ní Èmùrè san nínú rẹ̀. Bàbá tí ń kọ ebè ní Ìmẹ̀sí san nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ará ìgbèríko ń tọrọ bárà lọ́wọ́ ìjọba kò tíì wo ìdí ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Kí ni àpò yìí ti fi owó wa ṣe? Ó ti ṣe díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a purọ́. Ní ọdún 2013, àwọn agbègbè tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé dáadáa jẹ́ 207 ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí yóò fi di òpin ọdún 2022, wọ́n ti dín kù sí 97, ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ènìyàn ló ṣì ń gbé inú wọn. Ó ti bá àwọn iléeṣẹ́ dá owó òpó, ó sì ti kó kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwé kan. Ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ ni ẹ̀yìn ọjọ́ ìṣílé. Ta ni yóò ra dísù? Ta ni yóò máa san owó dátà lóṣooṣù? Ta ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe nígbà tí àwọn tó wá gé rìbọ́ọ̀nù ti kó àwòrán wọn padà sí Àbújá? Yàrá kọ̀ǹpútà tí a tì pa, tí aláǹtakùn ti fi ṣe ilé, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rìn jìnnà kí ó tó rí ní ilẹ̀ yìí.

Àwọn tó ní kí ìjọba yọwọ́

Ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní: ẹ wo NITEL. Ìjọba dá a sílẹ̀ ní ọdún 1985, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ló ni tẹlifóònù fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ọdún 2001 ń bẹ̀rẹ̀, láìnì tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò pé 500,000, bẹ́ẹ̀ ènìyàn inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 110. Àwọn àgbà inú yín kò ní gbàgbé bí a ti ń tò, tí a ó kọ nọ́ńbà fún akọ̀wé, tí a ó jókòó títí ọ̀sán yóò fi pọ́n, kí a tó gbọ́ pé láìnì kò lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ni ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM, 285 mílíọ̀nù dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ, ìpè ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìpè wọ́n nígbà náà, 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún 2003 Glo dé, ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn yòókù tẹ̀lé e, iye owó sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Àwọn aládàáni ni wọ́n rọ́ owó sínú rẹ̀, ìjọba ló sì gba owó lọ́wọ́ wọn. NITEL fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n gbìyànjú láti tà á tí kò bọ́ sí i, kí NATCOM tó wá rà á ní nǹkan bí 252 mílíọ̀nù dọ́là.

Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n tún ní: ẹ wo ètò tẹlifóònù ìgbèríko ti ìgbà ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́. A yá nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Ṣáínà, iléeṣẹ́ ZTE àti Alcatel Shanghai Bell sì gba iṣẹ́ náà, kí ìlú kéékèèké lè ní tẹlifóònù. Ilé ẹ̀rọ dìde ní ìlú mélòó kan; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni GSM kọjá lára wọn kí a tó fi wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Gbèsè kì í bá ẹ̀rọ kú.

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. A kò lè bínú sí àwọn tí ń sọ báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí GSM náà dúró sí. Ó sáré dé Èkó, ó sáré dé Ìbàdàn, ó dé Adó-Èkìtì àti Ìkẹ́rẹ́. Bí ó ti ń wọ inú igbó ni ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Òpó ìgbèríko ń jẹ dísù bí òpó Èkó ti ń jẹ ẹ́. Ó tilẹ̀ lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iná ìjọba kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀ kí wọ́n má baà jí bátìrì. Ọkọ̀ tí yóò gbé dísù lọ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó ti di kòtò. Èkó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń ra dátà láàárọ̀ àti lálẹ́ lábẹ́ òpó kan. Ìgbèríko ní ìwọ̀nba àgbẹ̀ tí ń ra káàdì 200 náírà ní ọjọ́ ọjà. Oníṣòwò tó bá ṣe ìṣirò yìí kò ní gbé fáíbà lọ síbẹ̀, kì í sì í ṣe ìkà. Owó onípìn-ín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ìpè nìkan ló dé ọ̀pọ̀ abúlé, tí íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣeé fi kẹ́kọ̀ọ́ kò dé. Ohun tí ọjà ṣe dáadáa, ó ti ṣe é. Ohun tó kù ni ohun tí ọjà kì í ṣe.

Bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é

Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1930 sí 1939, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú oko mẹ́wàá ni kò ní iná mọ̀nàmọ́ná, nítorí àwọn iléeṣẹ́ iná sọ pé àgbẹ̀ kò lè san owó rẹ̀. Ní ọdún 1936 ni wọ́n ṣe òfin tí ìjọba fi ń yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ lówó pẹ̀lú èlé kékeré. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ni wáyà, àwọn ni wọ́n ń gba owó iná, wọ́n sì san gbèsè. Láàárín ogún ọdún, iná ti dé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú oko wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni ìjọba fún wọn.

Nígbà tí ó kan íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà kò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ní òpin ọdún 2020 wọ́n pín owó ìrànwọ́ tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là fún àwọn iléeṣẹ́ tó sọ pé àwọn yóò gbé e dé ìgbèríko. Nígbà tí wọ́n tún ìwé yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ ìlérí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n kọ̀ láti fún Starlink ní 885 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un. Ní ọdún 2021 wọ́n tún ya bílíọ̀nù 42 dọ́là àti díẹ̀ sọ́tọ̀. Títí ọdún 2024 fi parí, ìwé kíkọ ni wọ́n ń bá kiri. Ilé kan kò tíì rí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ owó náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń wí pé ọwọ́ Nàìjíríà nìkan ni nǹkan ti ń bàjẹ́ gbọ́ èyí.

Èyí tó wù wá jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ni ti àwọn àgbẹ̀ apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lancashire. Ní ọdún 2011 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní B4RN, nígbà tí iléeṣẹ́ ńlá sọ pé abúlé wọn kò mú owó wá. Àwọn ará abúlé ra ìpín ìdókòwò. Àgbẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ láìgba owó, ó gbé katakata rẹ̀ jáde, wọ́n sì gbẹ́ kòtò fáíbà láti oko dé oko. Íntánẹ́ẹ̀tì wọn yá ju ti ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ǹjẹ́ kí ni èyí bí kò ṣe ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa ń bẹ̀? Ní Èkìtì, owó àdájọ ìlú ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwé gíga. Bí tíráńsífọ́mà bá sì jó, àdúgbò ló ń dá owó rà á. Kò sí ìdí tí ilẹ̀ tí fáíbà yóò gbà kò fi lè jẹ́ ìpín ti ìlú, dípò kí ọmọ onílẹ̀ máa lé agbaṣẹ́ṣe kiri pẹ̀lú ìwé owó.

Ohun tí Èkìtì ti ṣe, àti èyí tó kù

Ẹ jẹ́ kí a yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Kì í ṣe owó fáíbà nìkan ni ń dá iṣẹ́ yìí dúró. Owó àyè ẹ̀bá ọ̀nà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ri wáyà mọ́lẹ̀ wà lára rẹ̀. Láti ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà ti fẹnu kò sí 145 náírà fún mítà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀lé e. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ti Èkìtì kalẹ̀ láti 4,500 náírà sí 145. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò: bí ọ̀nà kan bá jẹ́ kìlómítà 40, mílíọ̀nù 180 náírà ni owó àyè nìkan ì bá jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di mílíọ̀nù márùn-ún àti 800,000. Ìjọba kò yọ owó lápò fún èyí. Ohun tí kò jẹ́ kí ọjà rìn ló mú kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń jà fún ìjọba àti àwọn tó ń jà fún ọjà lè jọ jókòó jẹun lórí èyí.

Síbẹ̀, 145 náírà nìkan kò lè fa fáíbà wọ Ìmẹ̀sí. Íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní etíkun Èkó bí omi. Wáyà abẹ́ òkun tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ lé ní márùn-ún. Ìṣòro ni bí yóò ṣe gun òkè. Bí ó bá sì gun òkè, ó gbọ́dọ̀ bá iná pàdé. Ní apá ìlà-oòrùn àti gúúsù Èkìtì, àwọn ìlú wà tí wọn kò rí iná mọ̀nàmọ́ná fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní kí a kọ́kọ́ wá iná àti omi kí a tó sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èsì wa ni pé ẹ̀rọ olóòrùn tí yóò gbé òpó kan ró lè tan iná sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí rẹ̀, bí ẹni tó kọ àdéhùn bá ronú kan ibẹ̀. Bí a bá ní kí ìkan parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò ti di bàbá ọlọ́mọ.

Àwọn kan ní Starlink ti yanjú gbogbo rẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, inú òfuurufú ló ti ń wá, kò béèrè fáíbà, ó sì yá. A ti rí i, ó dára. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù rẹ̀ fún ilé kan, tó jẹ́ 38,000 náírà ní 2023, ti di 57,000 ní ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún 2024. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò san án. Ilé ìwé lè lò ó, bí ìjọba bá ń san owó rẹ̀. Ìyẹn sì tún dá wa padà sórí ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò dá, nítorí inú ilé ìjọsìn ni ó ti tàn jù. Ní ọdún 2020 àwọn oníwàásù kan wí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 5G ló fa àrùn kòrónà. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ dáná sun òpó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí rẹ̀. A kò bá wọn gbà á nígbà náà, a kò sì gbà á lónìí. Nàìjíríà kò tíì ta ìwé àṣẹ 5G nígbà tí àrùn náà dé. Oṣù kejìlá ọdún 2021 ni a tó tà á. Bí ìlú bá lé òpó nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ìlú náà ni yóò jìyà rẹ̀. Ní ti yahoo-yahoo àti àwòrán ìhòòhò, àwọn òbí tí ń bẹ̀rù wọn kò ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mọ́tò náà ni olè ń gbà wọ ìlú, a kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ní kí ìjọba má ṣe la ọ̀nà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé lábẹ́ ojú tíṣà, àti ọmọ tó lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ ní ìgboro nítorí pé ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà.

Ibi tí àwa dúró sí nìyí. A gbà pé kí ìjọba san owó, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá NITEL mìíràn sílẹ̀. Kí ó má ṣe ra ẹ̀rọ; iṣẹ́ ni kí ó rà. Kí agbaṣẹ́ṣe gba ìdajì owó rẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé náà fún ọdún kan gbáko, tí ọ̀gá ilé ìwé, kì í ṣe òṣìṣẹ́ Àbújá, sì fọwọ́ sí i. Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ọjà. Kí a sì lẹ orúkọ gbogbo ibi tí USPF ti ná owó mọ́ ara ògiri sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé. A mọ̀ pé ìyẹn ni yóò le jù nínú gbogbo ohun tí a béèrè.

Ètò tuntun kan sì wà nílẹ̀ báyìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí a ri fáíbà 90,000 kìlómítà mọ́ nǹkan bí 35,000 tó ti wà ní ilẹ̀ wa. Bridge ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí bílíọ̀nù méjì dọ́là ni yóò ná wa, Báńkì Àgbáyé sì wà lára àwọn tí yóò yá wa, 500 mílíọ̀nù dọ́là. Iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni yóò ni fáíbà náà, ìjọba kò sì ní ní ju ìpín 49 lọ nínú rẹ̀. Àwọn aládàáni ni yóò ni ìyókù. Èyí sàn ju NITEL lọ. Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni pé kí ó má baà dà bí wáyà iná tí ẹ rí ní ìgbèríko, tí ń gba orí òrùlé àwọn ènìyàn kọjá lọ sí ìlú mìíràn, tí kò sí tíráńsífọ́mà kan tí yóò bá wọn bù nínú rẹ̀. Fáíbà tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀sí kọjá láìyà kò yàtọ̀ sí èyí tí kò wá rárá.

Àwọn aṣòfin a máa wá sí ìpàdé ìlú àti ìkórè wa, wọ́n a sì máa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nígbà tí wọ́n bá ti kí wa tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀: nínú 90,000 kìlómítà yẹn, mélòó ló wọ Gbọnyin, mélòó ló wọ Ìsẹ̀ àti Èmùrè, ilé ìwé wo ni yóò yà sí, àti pé ta ni yóò máa ra dísù?